Ilé Tí A Fi Itọ́ Mọ

Mo ti ṣe ìlérí fún yín pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí ń sá kúrò ní ilé-ìwé ni n óò fi ojú ìwé yìí sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orí jì mí. Àlejò kan wá sí ilé mi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lè dúró de ọ̀sẹ̀ mìíràn, mo sì mọ̀ pé bóyá ni ìlú kan wà tí ẹ ti ń ka ìwé yìí tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, bí mo ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí mo ń ṣe àmì sí iṣẹ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi, ìyá kan tí ń ta ẹ̀lùbọ́ ní ọjà wa wọlé. Mo dìde, mo dọ̀bálẹ̀ fún un, nítorí pé àgbà ni, ó sì bí irú mi lọ́mọ. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n gbé àga fún un tí ó fi sọ̀rọ̀.

"Tíṣà, ẹ gbà mí o. Ọmọ yín fẹ́ lọ sí Èkó."

Mo ní, "Ìyá, ṣé lílọ sí Èkó ti wá di ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

Ó ní, "Ì bá ṣe Èkó lásán ni, n kò ní yọ yín lẹ́nu. Inú tẹlifíṣọ̀n ni ó fẹ́ wọ̀."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo ojú rẹ̀, mo gbé ẹ̀rín mì.

Ọmọ tí à ń wí yìí, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìwé fún ọdún mẹ́ta. Ó ti di ọmọ ọdún 18 báyìí, ó sì ti ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá tán. Àwọn márùn-ún ni wọ́n jọ dá ẹgbẹ́ onílù kan sílẹ̀. Ajísáàrì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, tí wọ́n ń fi agolo àti gángan kan tí awọ rẹ̀ ti ya jí àwọn ará àdúgbò láti jẹun sààrì nínú oṣù ààwẹ̀. Ẹlòmíràn a máa bú wọn, ẹlòmíràn a sì fún wọn ní ọgọ́rùn-ún náírà. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi ń tọ́jú owó náà. Lónìí, wọ́n ní gángan méjì, àkúbà, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, gìtá kan, àti sípíkà àlòkù kan tí ń hó bí ìkòkò ẹ̀kọ. Wọ́n ń lọ sí òde ìsọmọlórúkọ, òde ìkẹ́kọ̀ọ́yege àti òde ọjọ́ ìbí. Nínú owó òde kọ̀ọ̀kan, wọ́n máa ń ju ìdá kan sínú kóló fún ríra sípíkà tuntun.

Ọ̀rọ̀ wá dé ibi tí ó le. Ọmọ yìí gbọ́ pé àwọn kan fẹ́ yan akọrin fún ìdíje orí tẹlifíṣọ̀n ní Èkó ní ọjọ́ Ajé, ẹnì kọ̀ọ̀kan ni ó sì gbọ́dọ̀ wá, wọn kò fẹ́ ẹgbẹ́. Ó ní kí àwọn fọ́ kóló kí òun fi ra aṣọ kí òun sì fi wọ ọkọ̀. Ẹni méjì gbà, ẹni méjì kọ̀, ìjà sì bẹ́ sílẹ̀. Ó sì fẹ́ gbéra ní ọjọ́ Ẹtì kí ó lè tètè tò sórí ìlà, bẹ́ẹ̀ ni ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹgbẹ́ wọn ní òde òkú àgbà kan, èyí tí ó tóbi jùlọ nínú gbogbo òde tí ẹnikẹ́ni ti pè wọ́n sí rí. Òun ni ó ń kọrin síwájú. Bí kò bá sí níbẹ̀, òde bàjẹ́ nìyẹn.

Ìyá náà ní, "Tíṣà, ọ̀rọ̀ yín nìkan ni ó ń gbọ́. Ẹ bá mi sọ fún un kí ó má lọ."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, n kò lè tètè dá a lóhùn. Ìdí rẹ̀ ni pé wọ́n ti bi mí ní irú ọ̀rọ̀ yìí rí, ìmọ̀ràn tí mo sì fún ẹni tí ó bi mí nígbà náà kò tíì kúrò lọ́kàn mi títí di òní.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí a ti ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ọmọ àbúrò bàbá mi kan wà ní Òṣogbo tí ohùn rẹ̀ dùn bí oyin. Àwọn mẹ́rin ni wọ́n jọ ń ṣeré. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, wọn a máa ṣeré ní ibi tí wọ́n ti ń mu ẹmu, ní òpin ọ̀sẹ̀ wọn a lọ sí òde. Ó mọ oríkì ìlú, ó mọ oríkì ìdílé, bí ó bá sì rí àgbà tí ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, kí onítọ̀hún tó jókòó, ó ti kì í débi tí owó yóò fi jáde lápò rẹ̀. Nígbà tí ìdíje kan dé, ó wá bi mí bóyá kí òun lọ. Mo ní, "Lọ! Ta ni ó mọ̀ bóyá ibẹ̀ ni orí rẹ fẹ́ gbé e gbà?" Ó ní àwọn mẹ́ta yòókù ńkọ́. Mo ní, "Bí o bá là, o ó wá fà wọ́n sókè."

Ó lọ, wọ́n sì mú un. Ẹ wá wo ìran ní agbo ilé wa! Ní òpin ọ̀sẹ̀ gbogbo, a ó bu epo sí jẹnẹrétọ̀, a ó gbé tẹlifíṣọ̀n síta, gbogbo àdúgbò a sì pé. Bí a bá ti ní kí a dìbò, èmi ni n óò gba owó lọ́wọ́ ènìyàn, tí n óò máa sáré kiri ra káàdì fóònù. Owó tí wọ́n ń yọ lórí ìbò kan ju owó àtẹ̀jíṣẹ́ lásán lọ, ẹnì kan sì lè dìbò ní àìmọye ìgbà. Ní oṣù kan báyìí, ìdajì owó oṣù mi ni mo tẹ̀ sínú fóònù. Olùkọ́ ni mí o, ẹ sì mọ iye tí à ń gbà. Nígbà tí ó ku ènìyàn mẹ́fà, wọ́n já a.

Nígbà tí ó padà wálé, mọ́tò ni wọ́n fi gbé e yí ìlú ká. Àwọn ọmọdé ń sá tẹ̀ lé e, àwọn ọlọ́mọge ń bá a ya fọ́tò. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ìyá arúgbó kan ṣe ọjọ́ ìbí 80 ọdún, àwọn ọmọ rẹ̀ sì pè é. Owó tí wọ́n san fún un, àwọn mẹ́rin kò gba irú rẹ̀ rí. Òun nìkan ni ó gun orí ìtàgé, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń lu ìlù fún un. Ó kọ orin mẹ́ta. Orin olórin ni gbogbo wọn, ìṣẹ́jú méjì-méjì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ti ń kọ ọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n. A pàtẹ́wọ́. Ìyá arúgbó náà wá dìde, wọ́n dì í mú lọ́tùn-ún lósì, ó jó dé iwájú rẹ̀, ó sì dúró. Ó ń dúró kí ó gbọ́ oríkì ara rẹ̀. Ó ń dúró kí a dárúkọ ọkọ rẹ̀ tí ó ti sùn, kí a sì ka àwọn ọmọ rẹ̀ ní mẹ́nímẹ́jì.

Kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀rọ kò mọ ẹni tí ó dúró níwájú rẹ̀. Ọmọ wa náà, tí oríkì kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò ní gángan tí yóò pè é, kò ní ẹni tí yóò gbè é, ó sì ti pẹ́ tí ẹnu rẹ̀ ti gbé irú rẹ̀. Ó padà sí orin àkọ́kọ́. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dìde lọ síbi oúnjẹ. Ìyá arúgbó náà jókòó.

Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ìdíje tuntun bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọdé tí ń pariwo orúkọ rẹ̀ sì ń pariwo orúkọ ẹlòmíràn. Nígbà náà, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ti tú ká. Ọ̀kan ń gun ọ̀kadà ní Ìbàdàn, ọ̀kan ń jó irin, ọ̀kan ń lu ìlù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó sọ fún mi pé, "Bùọ̀dá, wọ́n kọ́ mi bí a ti ń kọrin fún adájọ́ mẹ́ta. Kò sí ẹni tí ó kọ́ mi bí a ti ń kọrin fún òde títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Èyí tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀, mo gbàgbé rẹ̀ sọ́hùn-ún." Kò dá mi lẹ́bi. Ìbá dá mi lẹ́bi, ara ìbá tù mí díẹ̀.

Àwọn àgbà ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Mo ti ń ka òwe yìí fún àwọn ọmọ kíláàsì láti ọjọ́ yìí. Ọjọ́ náà ni mo tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. N kò sọ pé tẹlifíṣọ̀n burú. Ìlú Ìbàdàn tiwa yìí ni a ti kọ́kọ́ dá ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà aláwọ̀ dúdú ní ọdún 1959, ohun ìyangàn sì ni fún gbogbo ọmọ Yorùbá. Ṣùgbọ́n ní ìgbà náà, tẹlifíṣọ̀n kì í bí olórin. Òde ni ó ti ń bá wọn, tí ó sì ń gbé wọn wọ iyàrá wa. Ẹni tí òde bá ti gbà, òun náà a gbà á.

Ẹ wo King Sunny Adé. Ọmọ Oǹdó ni, ṣùgbọ́n Òṣogbo ni a bí i sí ní ọdún 1946. Ó kọ́kọ́ ṣe ọmọ ẹ̀yìn fún Moses Olaiya nínú ẹgbẹ́ Federal Rhythm Dandies, kí ó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀, Green Spots, sílẹ̀ ní ọdún 1967. Ó di ọdún 1982 kí ilé-iṣẹ́ Island Records tó gbé orin rẹ̀ fún gbogbo ayé gbọ́. Ẹ ka ọdún tí ó wà láàrin: 15 gbáko! Nínú ọdún wọ̀nyí, òde ni ó ń lọ. Moses Olaiya tí mo dárúkọ yìí kan náà ni gbogbo wa wá mọ̀ sí Bàbá Sàlá lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ rí i pé onílù ni kí ó tó di ẹni tí ń pa gbogbo ayé lẹ́rìn-ín.

Ẹ wo Ebenezer Obey. Ó ṣeré lábẹ́ Fatai Rolling Dollar, kí ó tó dá International Brothers sílẹ̀ ní ọdún 1964. Ẹ wo Sikiru Ayinde Barrister tí ó fi wá sílẹ̀ ní oṣù Disẹ́ńbà ọdún 2010. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ni ó ti ń kọ wéré, orin tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jí Mùsùlùmí sí sààrì. Ó wọ iṣẹ́ ológun, orin kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Inú wéré yẹn ni fújì ti jáde. Ẹ jẹ́ kí ó yé wa pé nígbà tí a bá ń bú àwọn ọmọ ajísáàrì pé wọ́n ń da oorun mọ́ wa lójú, bóyá orísun ni à ń bú.

Ẹnìkan lè wí pé, "Tíṣà, àwọn kan ti inú ìdíje jáde, wọ́n sì là." Òótọ́ ni, òótọ́ kò sì ṣeé fi pamọ́. Timi Dakolo ni ó gba Idols West Africa ní ọdún 2007. Iyanya ni ó kọ́kọ́ gba Project Fame ní ọdún 2008, Chidinma gbà á ní ọdún 2010. Mercy Chinwo gba Nigerian Idol ní ọdún 2012. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ti là. Iyanya tí ó gba adé ní ọdún 2008, orin tirẹ̀ tí ń jẹ́ Kukere ni ó wá sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo ènìyàn mọ̀, ó sì ti tó ọdún mẹ́ta lẹ́yìn adé náà kí ó tó rí bẹ́ẹ̀. Mercy Chinwo gba adé ní ọdún 2012, orin rẹ̀ Excess Love tí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ń kọ di ọdún 2018 kí ó tó jáde. Ohun tí ó gbé wọn ga ni iṣẹ́ tí wọ́n padà lọ ṣe nígbà tí iná tẹlifíṣọ̀n ti kú. Àwọn tí kò padà lọ ṣiṣẹ́, ta ni ó rántí orúkọ wọn? Àwọn ìdíje náà pàápàá kì í tọ́jọ́. Project Fame dákẹ́ lẹ́yìn ọdún 2016. Nigerian Idol sinmi fún ọdún bíi mélòó kan kí ó tó padà dé ní ọdún 2021.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe ti Nàìjíríà nìkan. Ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1965, àwọn olóòtú kan rí bí ẹgbẹ́ Beatles ti ń gbé ayé mì, wọ́n sì fẹ́ ní irú rẹ̀. Wọn kò rántí pé àwọn Beatles ti lọ jìyà ní ìlú Hamburg ní Jámánì láti ọdún 1960, níbi tí wọ́n ti ń ṣeré fún ọ̀pọ̀ wákàtí ní alẹ́ kan, ní alẹ́ dé alẹ́. Àwọn olóòtú yìí kéde nínú ìwé ìròyìn pé àwọn ń wá ọmọkùnrin mẹ́rin. Àwọn tí ó wá ju 400 lọ. Wọ́n yan mẹ́rin, wọ́n sọ wọ́n ní Monkees, eré wọn sì bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ní ọdún 1966. Àwo orin wọn tà wìtìwìtì. Ṣùgbọ́n nínú àwo méjì àkọ́kọ́, àwọn ẹlòmíràn tí a háyà ni ó lu èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìlù àti gìtá tí ènìyàn ń gbọ́.

Ibi tí ó dùn mọ́ mi jù nínú ìtàn náà nìyí. Àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà kọ̀. Owó ń wọlé, òkìkí ń kàn, síbẹ̀ wọ́n bá àwọn ọ̀gá wọn jà pé àwọn fẹ́ lu ìlù fúnra àwọn. Ní ọdún 1967, wọ́n ṣe àwo kan tí ń jẹ́ Headquarters, àwọn fúnra wọn ni ó sì lu èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọdún 1968 ni eré tẹlifíṣọ̀n náà parí. Ẹ kò rí i? Àwọn tí a fi itọ́ mọ ilé fún pàápàá, amọ̀ ni wọ́n ń wá.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ ọmọ wa. Ní ọjọ́ Ọjọ́rú, mo ránṣẹ́ pè é, ó sì wá. Mo sọ gbogbo ìtàn àbúrò mi fún un, n kò fi ẹ̀bi tèmi pamọ́. Mo ní, "Bí wọ́n bá ní kí o kọrin fún wákàtí mẹ́fà báyìí, ṣé wàá lè ṣe é?" Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà, bí àwọn yòókù bá wà níbẹ̀." Mo ní, "Ọ̀rọ̀ ti o sọ yẹn, ṣé o gbọ́ ọ?" Ó dákẹ́. Inú mi dùn, mo rò pé mo ti borí. Ṣùgbọ́n ó gbé orí sókè, ó sì bi mí ní ìbéèrè kan tí ó pa mí lẹ́nu mọ́.

Ó ní, "Sà, bí a bá dúró, ta ni yóò gbọ́ wa? Òde tí a lọ ní oṣù méjì sẹ́yìn, wọ́n ṣì jẹ wá ní ìdajì owó. Wọ́n pe DJ kan láti Èkó sí òde yẹn, kí ó tó sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò ni wọ́n ti sanwó rẹ̀ pé. Àwa, aago méjì òru ni wọ́n bu oúnjẹ fún wa, ìsàlẹ̀ ìkòkò sì ni. Wọ́n ní ọmọ ìlú ni wá. Bí mo bá yọ lójú tẹlifíṣọ̀n lẹ́ẹ̀kan péré, sà, wọn kò ní jẹ wá lówó mọ́."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, kí ni ẹ̀yin ìbá wí? Èmi kò rí nǹkan wí. Mo rántí pé nígbà tí a ṣe ìsìnkú ìyá-ìyá mi, èmi fúnra mi wà lára àwọn tí ó ní kí a má pe àwọn onílù ìlú, kí a lọ pe ẹni tí ó lórúkọ. Àwa náà ni à ń lé àwọn ọmọ yìí jáde nílé, tí a sì ń bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ń lọ.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dojú ọ̀rọ̀ kọ àwa àgbà. Ẹ̀yin tí ẹ óò ṣe ìnáwó ní ọdún yìí, ẹ wá àwọn ọmọ tí ń ṣeré ládùúgbò yín. Ẹ bá wọn dá owó, ẹ má sì jẹ wọ́n ní kọ́bọ̀. Ẹ bu oúnjẹ fún wọn ní àkókò tí ẹ bu ti àlejò. Bí ohùn wọn kò bá tíì dán tó, ẹ rántí pé òde ni í kọ́ onílù, kò sì sí òde tí yóò kọ́ wọn bí gbogbo wa bá ń dúró dìgbà tí wọ́n bá mọ̀ ọ́n tán. Àdùn kan wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tí ẹ kò lè rí lọ́dọ̀ ẹni tí tẹlifíṣọ̀n dá. Wọ́n jọ kẹ́kọ̀ọ́ ni. Bí ẹni tí ń kọrin bá ṣìnà, gángan á ti pè é padà kí ẹ tó mọ̀. Wọ́n mọ ẹni tí ń bọ̀, wọ́n mọ ọmọ ẹni tí í ṣe. Orin tí wọ́n kọ fún yín lónìí, ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ irú rẹ̀ mọ́ lọ́la, nítorí pé tiyín ni.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ayé ti kọjá ibẹ̀. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan wà ní Èkó tí wọ́n ń pe ara wọn ní The Cavemen. Ọ̀kan ń lu dúrọ́ọ̀mù, èkejì ń ta gìtá oníbáàsì. Orin háíláìfù àtijọ́ ni wọ́n mú, àwo wọn tí ń jẹ́ Roots jáde ní ọdún 2020, àwọn ọ̀dọ́ sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ìlù gidi ni àwọn ọ̀dọ́ ń fẹ́ gbọ́, bí wọ́n bá rí ẹni lù ú fún wọn.

Ẹ̀yin ọmọ náà, ọ̀rọ̀ yín kù. Bí ẹ bá fẹ́ lọ sí ìdíje, ẹ lọ, ṣùgbọ́n ẹ lọ bí ẹni tí ń lọ ọjà, kì í ṣe bí ẹni tí ń kó kúrò nílé. Ẹ má fọ́ kóló ẹgbẹ́ nítorí ẹnì kan. Ẹ má ba òde tí ẹ ti gbà jẹ́ nítorí òde tí ẹ kò tíì rí. Bí ẹ bá sì rí ìwé tí wọ́n ní kí ẹ fọwọ́ sí, ẹ mú un wá fún ẹni tí ó mọ ìwé kí ó kà á fún yín títí dé ìlà tí ó kẹ́yìn.

Ohun tí mo sọ fún ọmọ wa nìyẹn, n kò sì lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fi kún un pé èmi fúnra mi yóò lọ bá wọn gba owó tí wọ́n jẹ wọ́n. Ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ mo lọ, ojú ti onígbèsè náà, ó sì san ààbọ̀ rẹ̀.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó wà ní òde òkú àgbà náà. Mo lọ, mo sì mú àga mi sí ọ̀ọ́kán. Nígbà tí aago mẹ́wàá lù, epo tán nínú jẹnẹrétọ̀. Iná kú, gìtá dákẹ́, sípíkà tí ń hó bí ìkòkò ẹ̀kọ náà dákẹ́. Mo rò pé òde ti parí. Nínú òkùnkùn ni mo gbọ́ gángan tí kò dúró. Àkúbà tẹ̀ lé e. Ọmọ náà gbé ohùn sókè láìsí ẹ̀rọ kankan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki ìdílé òkú náà, láti orí baba ńlá wọn títí dé orí àwọn ọmọ-ọmọ. Àkọ́bí òkú náà, bàbá tí kò kúrò lórí àga láti ìrọ̀lẹ́, dìde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Àwọn ènìyàn tan iná fóònù sí i lára. Ó tó ogójì ìṣẹ́jú kí wọ́n tó rí epo, ẹnikẹ́ni kò sì kúrò níbẹ̀. Èmi tí ẹ rí yìí, mo lẹ owó mọ́ ọmọ tí mo ti nà ní pàṣán rí níwájú orí.

Mo fẹ́ kí n lè sọ fún yín pé ó wá yí ọkàn rẹ̀ padà. Kò yí i padà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ó fi ìpín tirẹ̀ nínú owó òde wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó. Ṣùgbọ́n wọn kò fọ́ kóló. Àwọn mẹ́rin yòókù ni ó sìn ín dé gáréèjì, àwọn tí wọ́n bá a jà àti àwọn tí kò bá a jà. Kí ó tó wọ ọkọ̀, ó bọ́ gángan rẹ̀ kúrò ní èjìká, ó fi kọ́ ọ̀kan nínú wọn lọ́rùn. Ó ní kí wọ́n máa nà án kí awọ rẹ̀ má bàa dẹ̀, nítorí pé àwọn ní òde mìíràn ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i.

Bí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, kò tíì dé. Ìyá rẹ̀ ń yà lọ́dọ̀ mi lójoojúmọ́ bí ó bá ń ti ọjà bọ̀. Bí ó bá dé, n óò jẹ́ kí ẹ gbọ́. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí ń sá kúrò ní ilé-ìwé ni yóò tẹ̀ lé e, bí Ọlọ́run bá fẹ́.

Ẹ kú ojú lọ́nà. Ire o.